TA NI YÓÒ JẸ́RÌÍ SÍ ÌDÁHÙN RẸ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n ó sàn kí a sọ ọ́ fún ara wa jù kí àlejò wá sọ ọ́ fún wa lọ.

Ó ti di àṣà láàárín àwa tí a kàwé pé kí a máa fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ara wa. Ìwé náà a máa béèrè pé: Kí ni o kà sí pàtàkì jù lọ láyé? Ìwà wo ni o fẹ́ràn jù lọ lára ènìyàn? Ìpinnu wo ni o ṣe tí o kò kábàámọ̀ rẹ̀? Kí ni o fẹ́ kí a máa fi rántí rẹ? Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ joyè, tàbí tí ó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, àwọn oníwèé ìròyìn a tọ̀ ọ́ lọ, wọn a bi í ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, òun náà a sì dáhùn.

Mo ti ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. N kò tíì rí ẹni tí ó dáhùn pé owó ni òun fẹ́ràn jù. N kò tíì rí ẹni tí ó sọ pé òun a máa purọ́ nígbà tí ó bá di dandan. Olúkúlùkù ni ó fẹ́ràn òtítọ́. Olúkúlùkù ni ó kórìíra ìrẹ́jẹ. Olúkúlùkù ni ó ń sin ìlú rẹ̀ láìgba owó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta? Ta ni ó ń jẹ owó ìlú? Ta ni ó ń ra oyè lónìí, tí ó sì ń ya ìlú sílẹ̀ lọ́la? Àbí àwọn àjèjì ni?

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìwé ìbéèrè ogún ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè kẹta ni pé: Kí ni o fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ? Mo mú gègé, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: Èdè àti àṣà àwọn baba mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á sókè fún ìyàwó mi. Kò bá mi jiyàn. Ó pe ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún méje, tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó ní, “Ìwọ, wá sọ ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí fún mi.” Ọmọ náà wojú mi, ó wojú ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òun kò mọ ohun tí a sọ. Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ pa ìyẹn rẹ́.” Mo pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ìdáhùn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀ kò tíì di ìdáhùn, àfi ìgbà tí ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ wọn ni a gbàgbé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí ènìyàn má ṣe bi ara rẹ̀ léèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti tó àgbà tí kò wo ẹ̀yìn, ọmọdé ni í ṣe, bí irun rẹ̀ tilẹ̀ funfun. Èyí tí mo bá jà ni pé kí ènìyàn bi ara rẹ̀, kí ó dá ara rẹ̀ lóhùn, kí ó sì dá ara rẹ̀ láre, kí ó wá pe gbogbo rẹ̀ ní àròjinlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn tí a ti kọ́ àṣà ìwé ìbéèrè yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1886, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, Marcel Proust, kọ ìdáhùn sínú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Antoinette Faure, ọmọ Félix Faure tí ó di Ààrẹ ilẹ̀ náà ní 1895. A ti tẹ àwọn ìbéèrè sínú ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ nígbà náà. Lónìí, orúkọ Proust ni a fi ń pe ìbéèrè wọ̀nyí káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ṣe wọ́n. Ní 2003, wọ́n gbé ìwé náà lọ sí gbàǹjo ní Paris, wọ́n sì tà á ní 102,000 owó yúrò.

Kí ni ó mú kí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọgbọ́n inú ìdáhùn náà, nítorí pé ọmọdé ni ó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó sì wà níbẹ̀. Àìmọye ọmọ mìíràn ni ó kọ tiwọn sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi kọ́bọ̀ ra tiwọn. Ṣùgbọ́n Proust dàgbà, ó jókòó ti iṣẹ́, ó kọ ìtàn gígùn kan tí ó jáde ní apá 7 láàárín 1913 àti 1927. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1922 kí apá ìkẹyìn tó jáde. Iṣẹ́ yìí ni ó padà sẹ́yìn lọ sọ ìwé ọmọdé náà di ohun iyebíye. Iṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àwa ń kọ ìdáhùn, a sì ń retí kí a yìn wá ní ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí a máa ń tọ́ka sí ni Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà, òǹtẹ̀wé tí a bí ní 1706. Ó kọ ìwà rere sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan, ojú ewé kan fún ìwà kan, pẹ̀lú ìlà fún ọjọ́ méjèèje inú ọ̀sẹ̀, a sì máa fi àmì dúdú sí ibi tí ó bá ti kùnà. Lówùúrọ̀ a bi ara rẹ̀ ní ire tí òun yóò ṣe. Lálẹ́ a bi ara rẹ̀ ní ire tí òun ti ṣe. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ìwà 12 ni ó kọ́kọ́ kọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Quaker ni ó sọ fún un pé àwọn ènìyàn kà á sí agbéraga, ó sì mú àpẹẹrẹ wá títí Franklin fi gbà. Nígbà náà ni ó fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, tí ó di 13. Ọkùnrin tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí ó ń yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kò rí ìgbéraga ara rẹ̀ àfi ìgbà tí ẹlòmíràn fi hàn án. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Èyí tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìdájọ́ òdodo wà lára ìwà 13 náà, síbẹ̀ Franklin ní ẹrú nínú ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń gba owó láti kéde ẹrú títà. Àwọn ẹlòmíràn, pàápàá láti inú àwọn Quaker, ni ó pariwo ọ̀rọ̀ náà tipẹ́tipẹ́ kí òun tó gbọ́. Ó di 1787 kí ó tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira àwọn ẹrú ní Pennsylvania. Ní 1790, ọdún tí ó kú, ni ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Kí a má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn baba tiwa náà ra ẹrú, wọ́n sì ta ẹrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀wọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Ohun tí ó wà nínú ilé ẹni ni ojú ẹni kì í tètè rí.

Ìgbà wo wá ni ìbéèrè Franklin so èso? Ìgbà tí kò dá a bi ara rẹ̀ ni. Ní 1727, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Philadelphia, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní Junto. Wọ́n ní ìbéèrè 24 tí wọ́n ń kà létí ara wọn ní ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá ń fọ́nnu mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ṣọ́ọ̀bù òun ń bẹ ní ìjókòó. Láti inú ẹgbẹ́ yìí ni ilé ìkàwé alájọni ti 1731 ti jáde.

Àwa kò tilẹ̀ ní láti dé Amẹ́ríkà kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ fún ọmọkùnrin wọn, ṣé ọkọ ìyàwó ni àwọn baba wa ń bi pé ìwà wo ni ó fẹ́ràn jù? Rárá o. Alárinà ni yóò gba àdúgbò náà lọ. Yóò bi ẹni tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà. Yóò bi ará ilé kejì. Yóò bi ẹni tí ó ti bá wọn dá òwò pọ̀. Ǹjẹ́ wọn kì í jalè nílé yẹn? Ǹjẹ́ kò sí àrùn ìdílé? Ǹjẹ́ wọn kì í lu ìyàwó? Ǹjẹ́ bí wọ́n bá jẹ gbèsè, wọn a máa san án? Ìgbà tí ó bá kó gbogbo ìdáhùn jọ ni wọn yóò tó mọ ẹni tí ọkọ ìyàwó í ṣe. Ìwé ìbéèrè tiwa nìyẹn, ó sì gún régé ju ti àwọn Faransé lọ, nítorí pé ẹni tí a ń béèrè nípa rẹ̀ kọ́ ni ó mú gègé lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa á lówe pé ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ààfin pẹ̀lú. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin, bí ó ti tóbi tó, kì í ṣe adájọ́ ara rẹ̀. Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní agbára láti sọ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́, ọba tí a bá sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbọ́dọ̀ tẹ́rí gbaṣọ ni. Ẹ̀yin ìjòyè òde òní, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ yín: ta ni ó lè sọ ìdajì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, tí yóò tún jẹun nílé yín lọ́la?

Mo mọ àwọn tí yóò dìde sí mi. Ẹni kìíní yóò wí pé, ọ̀rọ̀ ìwà òun jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín òun àti Ẹlẹ́dàá òun. Èsì mi ni pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o fi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú àwòrán rẹ? Ẹni tí ó bá gbé ọjà dé ojú ọjà ti gbà kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni kejì yóò wí pé, aládùúgbò a máa ṣe ìlara, ẹlẹ́rìí sì lè jẹ́ ọ̀tá. Òtítọ́ ni, n kò sì gbọdọ̀ fò ó. Baṣọ̀run Gáà fi agbára tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn pa ọba lé ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ṣùgbọ́n kí ni ó ba Gáà jẹ́? Òun tí ó ń jẹ́rìí sí ìwà àwọn ọba kò ní ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a lé ẹlẹ́rìí lọ, bí kò ṣe pé kí ẹlẹ́rìí má ṣe jẹ́ ẹyọ kan, kí òun náà sì ní ẹni tí yóò bi í. Alárinà tí ó gbọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. A bi ọ̀rẹ́, a bi ọ̀tá, a sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé.

Ẹni kẹta ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ìbátan mi ni. Yóò wí pé: Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fún ọmọ mi ní oúnjẹ, nítorí náà ni a kò ṣe sọ Yorùbá sí i nílé. Fún ẹni yìí, mo kọ́kọ́ rán an létí pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá ṣì yàn bẹ́ẹ̀, n kì yóò bá a jà. Ọmọ rẹ̀ ni. Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́: kí ó kọ ọ́ bí ó ti rí. Kí ó kọ ọ́ pé, “Mo fi oúnjẹ ọmọ mi ṣáájú èdè baba mi.” Èmi yóò bọ̀wọ̀ fún onítọ̀hún ju ẹni tí ó kọ ọ́ pé èdè baba òun ni ẹ̀mí òun, tí aṣọ òfì wà lọ́rùn rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò sì lè kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹni àkọ́kọ́ mọ ohun tí ó rà àti iye tí ó san. Ẹni kejì ti ta ilé, ó ṣì ń gba àlejò síbẹ̀.

Àwọn kan ti wà ṣáájú wa tí wọn kò ní láti kọ ìdáhùn. Àlùfáà kan wà ní Èkó tí ń jẹ́ David Brown Vincent. Ní 1894 ó pa orúkọ yìí tì, ó di Mojọlá Agbebí, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀ títí ó fi kú ní 1917. Ẹni tí ó bá ti pe orúkọ rẹ̀ ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ baba wọn. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ràn ìtàn. Ó wádìí, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921. Ọdún 24 gbáko! Ẹ wo bí ìdáhùn ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó gbó.

Nítorí náà, mo gbé àbá kan kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a yẹra fún ìbéèrè tí ẹnu nìkan lè dáhùn. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí lọ sílé, kí ó má sì ṣe dáhùn èyíkéyìí nínú wọn fúnra rẹ̀.

Èkíní: Èdè wo ni ọmọ rẹ fi kí ọ lówùúrọ̀ òní? Ọmọ náà ni kí ó dáhùn.

Èkejì: Nígbà wo ni o sọ òtítọ́ kẹ́yìn tí owó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ? Alábàáṣe òwò rẹ ni kí ó dáhùn.

Ẹ̀kẹta: Ta ni ó ṣiṣẹ́ fún ọ tí o kò tíì san owó rẹ̀? Òṣìṣẹ́ náà ni kí ó dáhùn.

Ẹ̀kẹrin: Oyè tí o jẹ, iṣẹ́ wo ni ó bá a wá, kí ni o sì ti ṣe nínú rẹ̀ lọ́dún yìí? Àwọn ará àdúgbò rẹ ni kí ó dáhùn.

Ẹ̀karùn-ún: Ta ni ó lè sọ fún ọ pé o ṣìnà, kí ó sì sùn fọnfọn lóru ọjọ́ náà? Aya rẹ àti àwọn àbúrò rẹ ni kí ó dáhùn. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn náà tó ìdáhùn.

Ẹni tí ó bá lè gbọ́ èsì wọ̀nyí láìbínú, kí ó wá sọ fún wa ohun tí ó kà sí pàtàkì láyé; a ó gbà á gbọ́. Ní tèmi, ọmọ-ọmọ mi ti mọ bí a ti ń kí àgbà ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ó sì ń pa àlọ́ kan tàbí méjì fún ìyá rẹ̀ àgbà, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Iṣẹ́ ṣì pọ̀. Ìwé ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lórí tábìlì, n kò tíì kọ ohunkóhun padà sí ìbéèrè kẹta. Ìyàwó mi ni yóò sọ fún mi nígbà tí ó bá tó àkókò.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn, kí a tó tún kọ̀wé nípa ara wa.